Ohun Tí Irun Bò Mọ́lẹ̀: Ìgbẹ́ Gbuuru Òjijì Lára Ológbò Onírun Gígùn

Ní Sabon Gari ní ìlú Kánò, bí ológbò ẹni bá bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru lójijì, kẹ́mísì àdúgbò ni ẹsẹ̀ kọ́kọ́ ń gbéni lọ. Kẹ́mísì kò wọ́n níbẹ̀, láti Yoruba Road títí dé Church Road. Ẹni tó ń tajà á béèrè pé, “Ìyá Ṣadé, ṣé ó ń bì pẹ̀lú?” Kí ìyá náà tó dáhùn tán, wọ́n ti wé Flagyl méjì sínú bébà, wọ́n sì ti fi ìdajì paracetamol lé e nítorí pé ara ẹran náà gbóná. Àánú ló mú wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n ìdajì paracetamol yẹn lè pa ológbò láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò ní agbára tí ẹ̀dọ̀ ènìyàn fi ń sọ oògùn yìí di ohun tí kò lè pani lára. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á pọ́n bíi kọfí, ojú rẹ̀ á wú, kò ní lè mí dáadáa mọ́.

Ewu ti Flagyl kò tó ìyẹn, síbẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fún ológbò láìwọn. Ó korò débi pé ológbò tó bá tọ́ ọ wò á máa yọ ìfófòó lẹ́nu, ó sì lè kọ oúnjẹ lẹ́yìn náà. Bí ó bá pọ̀ jù, ó ń dé ọpọlọ, ẹran náà á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ohun tí púpọ̀ nínú àwọn tó ń sin ológbò kò tíì gbọ́ ni pé, lára ológbò tó ti dàgbà tí ara rẹ̀ sì le, ọ̀pọ̀ ìgbẹ́ gbuuru òjijì ló ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, láìsí oògùn apakòkòrò kankan. Iṣẹ́ ẹni tó ni ín ni láti mọ̀ bóyá irú èyí ni, tàbí irú èyí tí kò lè dúró di òwúrọ̀. Ológbò onírun gígùn ló ń mú kí iṣẹ́ yìí le, nítorí irun rẹ̀ ń bo gbogbo ohun tó yẹ kí ojú tètè rí.

Ológbò tí wọ́n ń pè ní Pẹ́ṣíà ti ọ̀nà jíjìn wá. Ní nǹkan bí ọdún 1620, Pietro della Valle, arìnrìn-àjò ará Ítálì, rí àwọn ológbò onírun gígùn ní Khorasan ní ilẹ̀ Pẹ́ṣíà, ó sì kọ̀wé nípa wọn. Ilẹ̀ òkè ni Khorasan, òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Sabon Gari rèé, níbi tí ooru oṣù Ẹrẹ́nà sí Èbìbí ti ń sún mọ́ 40°C. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó fi owó gọbọi ra Pẹ́ṣíà nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní 2007, àwọn onímọ̀ rí i pé àbùdá kan tó ń jẹ́ FGF5 ló ń pàṣẹ fún irun ológbò pé kó dẹ́kun gígùn. Ọmọ ológbò tó bá gba èyí tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ ìyá àti lọ́wọ́ bàbá, àṣẹ yẹn kò ní dé ara rẹ̀, irun rẹ̀ á sì máa gùn lọ. Nítorí náà, ológbò méjì onírun kúkúrú tí wọ́n ń ṣọdẹ eku kiri ọjà Sabon Gari lè bí ọmọ tí irun rẹ̀ ń wọ́lẹ̀, bí àwọn méjèèjì bá gbé àbùdá náà pamọ́ sára.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ níta kí ẹnì kan tó gbé e wọlé. Àwọn Hausa tó yí Sabon Gari ká kì í lé ológbò. Hádíìsì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Abu Qatada sọ pé kì í ṣe ohun ẹ̀gbin, pé ó wà lára àwọn tó ń rìn yí wa ká nínú ilé. Àwọn Yorùbá tí wọ́n bá rélùwéè wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin gbé ọ̀rọ̀ àjẹ́ àti ológbò wá láti ilé, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ-ọmọ wọn tí wọ́n bí sí Kánò ti ń gbé e sùn.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí irun fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀, kó wo ahọ́n. Ní 2018, Alexis Noel àti David Hu ti Georgia Institute of Technology ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí bí ológbò ṣe ń fi ahọ́n nu ara rẹ̀. Wọ́n rí i pé àwọn ẹ̀gún kéékèèké orí ahọ́n náà ní ihò bíi ti ṣíbí, tó ń bu itọ́ láti ẹnu lọ sí ìdí irun. Ẹ̀gún yìí ń kan awọ lára ọ̀pọ̀ ológbò. Lára Pẹ́ṣíà, irun ti nípọn jù, ẹ̀gún kò débẹ̀. Ìgbẹ́ tó bá ta sí irun ìdí àti itan rẹ̀ kò ní ṣeé lá tán. Ó á gbẹ, á lẹ̀ mọ́ awọ, awọ á bó lábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá bọ́ sí ìgbà òjò tí eṣinṣin pọ̀, eṣinṣin á yé ẹyin sínú irun náà, ẹyin á sì di ìdin láàárín ọjọ́ kan péré, kí ẹnikẹ́ni tó fura. Díẹ̀ tí ológbò náà bá sì lá, inú ara ẹ̀ ló tún padà sí.

Omi ni ewu tó tóbi jù. Ìran ológbò ilé wá láti ara ológbò igbó Áfíríkà àti ilẹ̀ Lárúbáwá, ẹranko aṣálẹ̀ tó ń rí omi nínú ẹran tó bá pa. Ó jogún kíndìnrín tó ń fún ìtọ̀ ní àfúngbẹ, ó sì jogún àìkìí-mumi púpọ̀. Bí ara rẹ̀ bá le, ogún yìí dára fún un. Bí ìfun bá ń tú omi jáde lẹ́ẹ̀mẹ́fà lọ́jọ́ kan, kò ní sáré lọ síbi omi bí ajá ti ń ṣe. Ológbò tó wọ̀n tó kílò 4 nílò omi bíi mílílítà 200 sí 240 lójúmọ́, èyí tí kò tó ìdajì píọ̀ wọ́tà kan. Ìyẹn kéré, àdánù díẹ̀ ló sì ń yí i padà. Ọmọ ológbò tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta lè kú láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé omi ti ń tán lára ẹran tí irun bo gbogbo ara rẹ̀? Ọwọ́ là á fi mọ̀ ọ́n, ojú nìkan kò tó. Kí ẹni tó ni ín la irun láàárín èjìká méjèèjì, kó fa awọ sókè, kó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Awọ tí omi wà nínú rẹ̀ á padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èyí tó bá dúró sókè díẹ̀ kó tó wálẹ̀, omi ti ń tán níbẹ̀. Kó gbé ètè sókè, kó fi ìka tẹ ẹran ìdí eyín. Ó yẹ kó tutù, kó sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ibi tí ìka tẹ̀ yẹ kó padà pọ́n kí ìṣẹ́jú-àáyá méjì tó pé. Bí ó bá gbẹ, tí ń lẹ̀ mọ́ ìka, tàbí tó funfun bí ẹfun, kí ó máa palẹ̀ mọ́ láti lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Kó tún fi ọwọ́ tọ eegun ẹ̀yìn láti ọrùn dé ìrù. Lára onírun gígùn, ẹran lè rù gan-an kí aráalé tó mọ̀, nítorí irun kò rù.

Ìgbẹ́ náà ń sọ̀rọ̀, bí ó tilẹ̀ ń ríni lára láti wò ó. Èyí tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó ṣàn bí omi, tó sì jẹ́ ìgbà mélòó kan lójúmọ́, ìfun kékeré ló sábà máa ń ti wá, òun ló sì ń gbé omi lọ jù. Èyí tó kéré, tó ń wá lemọ́lemọ́, tó ní ikun àti ẹ̀jẹ̀ pupa díẹ̀, tí ológbò sì ń fún ara rẹ̀ pọ̀ kó tó jáde, ìfun ńlá ló ti wá. Èyí tó dúdú bí ọ̀dà ju méjèèjì lọ léwu, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ti dà lókè ìfun ni. Kí wọ́n fi fóònù ya á, kí wọ́n sì bu díẹ̀ sínú ike mímọ́. Dókítà á rí ohun tó pọ̀ níbẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkantóbi.

Kí ló ń fà á? Oúnjẹ ni nínú ọ̀pọ̀ ilé. Oúnjẹ ológbò tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun lè wọ́n lójijì tàbí kó tán lórí igbá. Ẹni tó ni ín á ra òmíràn, á da á fún un lọ́jọ́ kan náà, ìfun tí kò retí rẹ̀ á sì daṣẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ 7 sí 10 ló yẹ kí a fi pa èyí tuntun pọ̀ mọ́ èyí àtijọ́, díẹ̀díẹ̀. Ẹja Títúsì tó yọ nígbà tí iná lọ, tó tún dì nígbà tí iná dé, ń gbé kòkòrò àìfojúrí wọlé. Oúnjẹ rírọ̀ inú agolo tí wọ́n bù sílẹ̀ ní òwúrọ̀ oṣù Igbe ti bàjẹ́ kí ọ̀sán tó pọ́n. Mílíìkì náà wà níbẹ̀: wọ́n ń kiri nónò ní gbogbo àdúgbò Kánò, inú àwọn ènìyàn sì ń dùn láti bu díẹ̀ fún ológbò. Ṣùgbọ́n ológbò tó ti dàgbà kò ní ohun tó ń da ṣúgà inú wàrà mọ́ tó bó ṣe yẹ. Ṣúgà náà á dúró nínú ìfun, á máa fa omi sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Wàrà tútù ló burú jù, èyí tó ti kan bíi nónò kò le tó bẹ́ẹ̀, omi lásán sì dára ju àwọn méjèèjì lọ. Súyà tí wọ́n fi yájì bò kò yẹ ẹ́ rárá, nítorí àlùbọ́sà àti áyù inú rẹ̀ ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́.

Ọ̀rọ̀ adìyẹ tútù gba kí a dúró díẹ̀, nítorí Kánò mọ ewu rẹ̀ dáadáa. Ní oṣù Èrèlé 2006, Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tó kéde àrùn lùkúlùkú àwọn ẹyẹ, H5N1. Ní oko kan ní Jájí ní ìpínlẹ̀ Kàdúná ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, Kánò sì wà lára ibi tó tètè dé. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2015, ó tún padà, Kánò àti Èkó ni ó sì ti yọjú. Àwọn tó ń ju òkú adìyẹ sí ológbò nígbà náà kò mọ̀ pé àrùn yìí ń pa ìran ológbò. Ní Thailand ní 2004, ọgbà ẹranko kan ní Sri Racha pàdánù ẹkùn tó lé ní ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n fún wọn ní adìyẹ tútù jẹ. Ní Poland ní 2023, ológbò inú ilé púpọ̀ ló kú nínú àrùn kan náà. Lára ológbò, èémí àti ọpọlọ ni ó sábà máa ń kọlù. Àmọ́ adìyẹ tútù tí kò ní àrùn ẹyẹ pàápàá lè ní Salmonella, tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru fún ẹran àti fún ọmọ tó ń bá a ṣeré. Kí wọ́n bọ̀ ọ́ jinná.

Aràn àti àwọn kòkòrò tíńtín bíi Giardia ń bá omi àti ilẹ̀ wọlé. Omi tí mẹ́rúwà fi kẹ́ẹ̀gì gbé wá lè mọ́ láti orísun, kó sì di ìdọ̀tí nínú kẹ́ẹ̀gì. Ológbò tó bá gba inú gọ́tà kọjá ń fi irun itan kó ẹrẹ̀ wálé, á sì jókòó lá a. Oògùn aràn wà, ṣùgbọ́n dókítà ni kó wọn ọ́n bí ẹran náà bá ṣe wúwo sí.

Àrùn kan wà tí kò gba ìmẹ́lẹ́. Panleukopenia ni orúkọ rẹ̀, ìbátan àrùn parvo tó ń pa ọmọ ajá. Ọmọ ológbò tí kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára á gbóná, á kọ oúnjẹ, á bì, á yàgbẹ́ gbuuru tó lè ní ẹ̀jẹ̀. Á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ omi láìlè mu. Ọ̀pọ̀ tí wọn kò tọ́jú ni ó ń pa. Kòkòrò àrùn yìí lè wà lórí ilẹ̀ yàrá fún ọdún kan, nítorí náà kì í ṣe ẹni tí ológbò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ló yẹ kó gbé ọmọ ológbò mìíràn wọlé ní ọ̀sẹ̀ kejì. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, wọ́n á sì máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra títí di ọ̀sẹ̀ 16. Kòrónáfáírọ́ọ̀sì ológbò náà wà, èyí tí kì í ṣe ju ìgbẹ́ rírọ̀ lásán lọ lára ọ̀pọ̀, tó sì lè yí padà di apani lára díẹ̀. Ní erékùṣù Cyprus ní 2023, irú rẹ̀ tuntun kan pa ológbò púpọ̀ débi pé ìjọba fọwọ́ sí i kí wọ́n lo oògùn Kòfíìdì tó wà fún ènìyàn fún wọn.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá dé pẹ̀lú itọ́ tó ń dà wàlàwàlà, tí ọmọlójú kéré bí orí abẹ́rẹ́, tí ara sì ń gbọ̀n, májèlé tí wọ́n ń pè ní ota-piapia ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Nínú ilé olójúlé púpọ̀ tí èkúté kò jẹ́ ká gbádùn, aládùúgbò lè dà á sí ara ẹja láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ológbò sì lè jẹ ẹja náà tàbí eku tó jẹ ẹ́. Atropine wà lọ́wọ́ dókítà fún un, wákàtí ni ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe ọjọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe da epo pupa tàbí wàrà sí i lẹ́nu. Ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú àmì ewu wọ̀nyí, tí ológbò àgbà náà ń rìn, tó ń wo ojú ẹni, ilé ni a ti ń tọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì. Kí wọ́n má febi pa á. Ológbò tó sanra tó bá wà láìjẹun fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ọ̀rá á bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀, àìsàn yẹn sì burú ju ìgbẹ́ gbuuru lọ. Adìyẹ tí wọ́n bọ̀ láìsí awọ, iyọ̀, ata, Maggi tàbí àlùbọ́sà ni kí wọ́n fún un, díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún lójúmọ́. Kí wọ́n bu omi tútù sí abọ́ méjì tàbí mẹ́ta káàkiri ilé. Omi tí wọ́n fi bọ adìyẹ náà máa ń wu ọ̀pọ̀ ológbò ju omi lásán lọ. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò fún ọmọdé kì í ṣe tirẹ̀, kí wọ́n má sì di í mú láti rọ ọ́.

Ìdí rẹ̀ ńkọ́? Kí ẹnì kan gbé e dání, kí ẹnì kejì fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti aṣọ rírọ̀ nu irun náà títí awọ á fi hàn, kí wọ́n sì gbẹ ẹ́ dáadáa, pàápàá ní ìgbà ọyẹ́. Irun tó ti dìpọ̀, ẹ̀rọ ìgẹrun ni kí wọ́n fi gé e, kì í ṣe sísọ́ọ̀sì, nítorí awọ ológbò fẹ́lẹ́, ó sì ń bá irun wọnú sísọ́ọ̀sì. Gígé irun ìdí àti itan mọ́lẹ̀ kí àìsàn tó dé ló dára jù fún ẹni tó ń gbé Kánò. Ẹwà ológbò náà kò ní dín kù.

Izal àti Dettol ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń fọ ilẹ̀ lẹ́yìn irú ìdọ̀tí yìí. Kí wọ́n gbé wọn sílẹ̀. Èròjà inú wọn jẹ́ májèlé fún ológbò: ó á tẹ ilẹ̀ náà, á lá ẹsẹ̀, á lá irun, á sì gbé e mì. Jíìkì tí wọ́n fi omi là, ìwọ̀n kan sí ìwọ̀n omi 32, ń pa panleukopenia. Kí wọ́n fọ ìgbẹ́ kúrò ná, kí wọ́n fi Jíìkì náà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n ṣan án, kó gbẹ, kí ológbò tó padà síbẹ̀. Aláboyún kò gbọdọ̀ kó ìgbẹ́ náà bí ẹlòmíràn bá wà nílé, nítorí àrùn toxoplasma. Ẹyin àrùn yìí máa ń gba ó kéré tán ọjọ́ kan kó tó lè ranni, nítorí náà kíkó o lójoojúmọ́ ń dáàbò bo gbogbo ilé.

Ọmọ ológbò, ológbò tó ti darúgbó, èyí tó ń bì pẹ̀lú, èyí tó ti kọ oúnjẹ fún ọjọ́ kan, èyí tí ìgbẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ tàbí tó dúdú, àti èyí tí kò dẹwọ́ lẹ́yìn wákàtí 48, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ni kí wọ́n gbé wọn lọ. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Gwale nínú ìlú Kánò. Bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára ibẹ̀ lọ, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ahmadu Bello wà ní Zaria, ìrìn wákàtí méjì sí mẹ́ta ní ọ̀nà Kàdúná. Ẹ gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, ẹ má gbé e sínú àpò. Ẹ mú ike ìgbẹ́ náà dání àti orúkọ gbogbo ohun tó ti jẹ. Bí ẹ bá ti fún un ní oògùn kẹ́mísì, ẹ má fi pamọ́ fún dókítà, ẹ sọ orúkọ rẹ̀ àti wákàtí tó lò ó. Ẹ̀yin tí ológbò yín ṣì ń sáré kiri ilé lónìí, ẹ tẹ nọ́ńbà dókítà ẹranko tó sún mọ́ yín sínú fóònù yín báyìí, ẹ sì ṣe ètò abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.